Okùn Kúkúrú Ni Wọ́n Fi Ń So Ọkọ̀ ní Wáráàkì

Ohun tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún ní Káírò kì í ṣe òtútù, kì í sì í ṣe ojú tí wọ́n fi ń wò mí ní títì. Ilẹ̀ ilé ni. Ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè réré, ẹ̀rọ ló ń gbéni débẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òkúta tó ń dán tí mo fi ń rí ojú ara mi bí mo bá ń nù ún. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo tẹ́ ibùsùn mi sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, mo dùbúlẹ̀, mo tẹ́tí sílẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ mi. Mo dìde jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni pé omi ni mò ń wá.

Ẹni tí wọn kò bí sí Abereke lè rò pé àsọdùn ni. Ilé wa dúró lórí òpó létí òkun, pákó la fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àlàfo sì wà láàrin pákó kan sí èkejì. Láti kékeré, orí ẹní ni mo ti ń mọ̀ bóyá omi ń kún tàbí omi ń fà. Bó bá ń kún, á máa lu òpó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ń fà, á máa pòṣé lábẹ́ ilé. Ìyá mi, tí à ń pè ní Ìye bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlàjẹ ṣe ń pe ìyá wọn, kì í wo aago. Omi ló ń sọ ìgbà tí yóò dáná sábẹ́ ẹja fún un, àti ìgbà tí ọkọ̀ lè kọjá, àti ìgbà tí kò ní í sí àlejò mọ́.

Òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń so ọkọ̀. Mo ṣì kéré nígbà náà. Mo so ọkọ̀ pinpin mọ́ òpó iwájú ilé, inú mi sì dùn pé ó le. Ìye wò ó, ó tú u.

“Ọma mi, fi àyè sílẹ̀ fún omi,” ó wí. “Tó bá kún tí okùn kúrú, ọkọ̀ á rì. Tó bá fà tí okùn kúrú, ọkọ̀ á so rọ̀ sókè. Fi okùn gígùn so ó, kó bá omi lọ, kó bá omi ghá.”

Bí mo ṣe ń so ọkọ̀ nìyẹn títí mo fi kúrò nílé. N kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Hájà, ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú nínú ilé náà, ti gbàgbé ohun púpọ̀ láyé, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bú èèyàn. Orúkọ mi le lẹ́nu rẹ̀, ó wá fún mi ní orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà níbẹ̀ kí n tó dé, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mò ń wẹ̀ fún un, mò ń fọ aṣọ, mò ń nu ilẹ̀ dídán yẹn láràárọ̀, eruku aṣálẹ̀ á sì tún ti bò ó kó tó di ọ̀sán. Èmi tí mo dàgbà síbi tí omi yí ká, eruku wá di ọ̀gá mi. Mo bi Hájà lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni òjò máa ń rọ̀ ní ìlú yìí. Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó ní ó rọ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ìbéèrè kan wà tí kì í yé bi mí. Láràárọ̀, bí mo bá gbé tíì rẹ̀ dé, á wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, á ní, “Níbo ni ilé rẹ?”

“Lórí omi, Hájà,” màá wí.

“Ṣé ẹja ni ọ́?” Á rẹ́rìn-ín títí tíì á fi dà sí i láyà. Lọ́jọ́ kejì, á tún bi mí, á tún rẹ́rìn-ín. Mo mú un bí eré, torí kò sí ẹlòmíràn tí mò ń pa lẹ́rìn-ín ní gbogbo ìlú náà.

Ní títì, àwọn ọmọdé ń pè mí ní “samara”, ìyẹn dúdú. Mo wo ara mi, mo wo wọn, mi ò rí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Púpurú àti ẹja yíyan ni ọkàn mi ń fà sí. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni mo ní fún ara mi, torí ọmọ Hájà obìnrin máa ń wá jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní ibi tí mo fẹ́ lọ. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tó bá parí sí, kí n tún wọ òmíràn padà, kó sáà lè dà bíi pé ẹnì kan ń retí mi níbì kan.

Ọjọ́ Ẹtì náà ni mo máa ń pe ilé. Ìye gbà pé bí ìlú bá ṣe jìnnà tó ni èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo tó, nítorí náà igbe ló máa ń ké sínú fóònù. Á bi mí bóyá mo ti jẹun. Á bi mí bóyá wọ́n ń ta ẹja níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, á gbé fóònù sí àlàfo pákó kí n lè gbọ́ omi. Ìgbà yẹn nìkan ni ara máa ń tù mí láàrin ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Ẹniọlá ni kì í fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté Igbókọ̀dá, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Òun ló máa ń sọ fún mi bí òkun ṣe ń jẹ Abereke. Ìlà ilé tó wà níwájú tiwa nígbà tí mo kúrò ti lọ tán. Ilé tí mo ti kọ́ irun dídì ti lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wa ti lọ, wọ́n kọ́ òmíràn sẹ́yìn, òkun sì ti ń tọ̀ ọ́ bọ̀. Ilé wa ló wá di ilé àkọ́kọ́ tí ìgbì ń kàn.

“Bá mi sọ fún Ìye,” ó wí. “Mo ti tẹ́ ibùsùn dè é. Kò gbọ́ tèmi. Ó ní omi ń ghọ ulí, omi ń jáde, kí ló kan òun níbẹ̀. Ìwọ ló ń gbọ́ sí lẹ́nu. Ìgbì ńlá tó tún ń bọ̀ yìí, ilé yẹn ò ní í dúró dè é, bí Ìye bá sì wà nínú rẹ̀, o mọ ohun tí mò ń sọ.”

“Mo gbọ́, bọ̀dá mi,” mo wí. “Màá sọ fún un.”

Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ fún Ìye. Bí Ìye bá kúrò níbẹ̀, ilé tán nìyẹn, gbogbo ohun tí mò ń fara dà lókè réré yìí á sì di ohun tí mò ń fara dà láìní ibi tí mò ń padà sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí Ìye ṣe gbà gbọ́ lèmi náà gbà gbọ́. Mi ò tíì rí omi tó wọlé tí kò jáde láyé mi.

Ẹja ló mú mi dé Wáráàkì. Hájà rán mi lọ ra ẹja lọ́jọ́ kan, mo sì bá obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tó kó epìyà sínú abọ́ ńlá, wọ́n ṣì ń tọ sókè. Mi ò wo ẹja náà pẹ́. Ọwọ́ obìnrin náà ni mò ń wò. Okùn àwọ̀n ti ya ìka rẹ̀ ní oríkèé, ojú ibẹ̀ sì ti le, ọwọ́ Ìye gẹ́lẹ́. Mo fi Lárúbáwá mi tó ń kọsẹ̀ bi í pé níbo ló ti pa á.

“Wáráàkì,” ó wí. “Ọkọ mi ń ju àwọ̀n, èmi ń wa ọkọ̀.”

“Èmi náà mọ ọkọ̀ wà,” mo wí.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Wá lọ́jọ́ Ẹtì,” ó wí. “Béèrè Ọ́mù Sáídì.”

Bí ẹ bá béèrè Wáráàkì lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò Hájà, wọ́n á ní kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Àwọn àlejò tó wá wòran ìlú kì í dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú ló wà, lẹ́bàá odò Náílì. Ilé bíríkì pupa tí wọn kò rẹ́ ló kún ibẹ̀, irin ṣì yọ lórí wọn torí olúkúlùkù ń retí ọjọ́ tí yóò gbé òkè kan sí i. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Afárá ńlá kan gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá, ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ láìwo ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe yà kúrò ní títì, tí mo rìn kọjá oko koríko tí wọ́n ń gbìn fún màlúù, òórùn kan pàdé mi. Pákó tó ti mu omi yó, ọ̀dà, ìpẹ́ ẹja, èéfín ìdáná. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ kéékèèké wà létí odò, wọ́n kùn wọ́n lóríṣiríṣi àwọ̀, àwọn èèyàn sì ń gbé inú wọn. Ọ́mù Sáídì ń dáná nínú tirẹ̀. Ìkòkò, sítóòfù, ẹní, aṣọ tí wọ́n sá, gbogbo rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju èyí tí Ìye fi ń lọ ra igi ìdáná. Mo fọwọ́ kan etí ọkọ̀ náà, omijé sì bọ́ lójú mi.

“Kí ló ṣe é?” Abú Sáídì, ọkọ rẹ̀, ló ń bi ìyàwó rẹ̀, bíi pé èmi kò sí níbẹ̀.

“Má bi í,” obìnrin náà wí. “Fún un ní tíì.”

Wọ́n jẹ́ kí n wa ọkọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìdí ọkọ̀ la ń jókòó sí, àjẹ̀ kan lọ́wọ́, ojú síwájú, ibi tí à ń lọ là ń wò. Àwọn tibí yìí, àjẹ̀ méjì tó wúwo bí òpó ni wọ́n ń fà, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n ń wò títí wọ́n á fi dé. Mo gbìyànjú láti yíjú síwájú, ọkọ̀ náà ń pòyì, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ gbé Abú Sáídì sínú omi. Ṣùgbọ́n apá mi kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Nígbà tí mo gbà láti jókòó bíi tiwọn, kò pẹ́ tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà. Abú Sáídì dá ẹ̀rín dúró, ó dìde, ó da àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi igi lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ẹja lè sá wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó bi mí ní orúkọ mi. Mo sọ èyí tí Hájà fún mi. Ó ní òun kò bi mí ní ìyẹn, èyí tí ìyá mi sọ mí ni òun ń bi mí. Mo sọ ọ́. Ó pè é, ó ṣì í pè, ó tún un pè títí ó fi tọ̀nà. Mo fi ayọ̀ yẹn wọ bọ́ọ̀sì padà.

Láti ìgbà náà, Wáráàkì ni mò ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Òkun ni wọ́n ń pe odò wọn, mo sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú mi, omi tí kò níyọ̀, tí kì í bú. Mo máa ń gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí Ìye náà lè gbọ́ ọ.

“Mi éè gbọ́ nǹkan,” Ìye á wí. “Ó dákẹ́ jù. Ṣé omi ni lóòótọ́?”

“Omi ni, Ìye.”

“Omi tó dákẹ́ tó báyìí, mi éè mọ ohun tó ń rò.”

Ọjọ́ Ẹtì kan, a pa ẹja púpọ̀. Ọ́mù Sáídì àti ọkọ rẹ̀ ru abọ́ lọ sókè, sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n so ọkọ̀ kí n máa bọ̀ lẹ́yìn. Orí mi wú pé wọ́n fi ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo wá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ létí odò, mo so okùn mọ́ ọn bí Ìye ṣe kọ́ mi, mo fi àyè sílẹ̀ fún omi dáadáa. Mo tiẹ̀ tún fi díẹ̀ kún un, torí mi ò mọ bí omi ibẹ̀ ṣe máa ń kún tó. Mo tẹ̀ lé wọn lọ.

Nígbà tí a padà dé, ọkọ̀ náà ti rìn dé òpin okùn rẹ̀, ó dábùú ọ̀nà ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò. Ọkọ̀ ńlá náà ti gbá a. Àjẹ̀ kan ti kán. Sítóòfù àti ìkòkò Ọ́mù Sáídì ti wà nísàlẹ̀ odò. Awakọ̀ náà dúró lókè, ó ń bú ìran gbogbo wa.

“Ta ló so ọkọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ sí ibi koríko?” Abú Sáídì béèrè.

“Èmi ni,” mo wí. “Mo fi àyè sílẹ̀ fún omi.”

“Omi wo?”

“Èyí tó máa kún, tó máa fà.”

Tọkọtaya náà wo ara wọn. Ọ́mù Sáídì ló dá mi lóhùn, ó rọra ń sọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. “Omi yìí kì í padà wá, arábìnrin mi. Lílọ ló ń lọ. Ó lọ lánàá, ó ń lọ lónìí, ọ̀nà kan náà ló ń gbà. Okùn kúkúrú la fi ń so ọkọ̀ níbí.”

“Kì í padà wá rárá?”

“Níbo ni yóò ti padà wá?”

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Mo gún igi kékeré kan mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti kan yanrìn, mo jókòó tì í. Mo ní wọn ò mọ omi wọn ni, mo ní ẹni tí wọ́n bí sórí nǹkan kì í ṣàkíyèsí rẹ̀. Oòrùn kúrò lókè orí, ó rọra wọ abẹ́ afárá. Omi kò gun igi náà, kò sì sá fún un. Ó kàn ń kọjá lọ síhà àríwá pẹ̀lú ewé àti ike, ó kọ ẹ̀yìn sí ìlú mi. Bí mo ṣe ń wò ó ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, kì í sì í ṣe nítorí ọkọ̀ mọ́. Mo rí Ìye lọ́kàn mi, ó jókòó nínú ilé wa, ó gbé ẹsẹ̀ sókè lórí àpótí, ó ń dúró de omi bí èmi náà ṣe ń dúró dè é. Mo fa fóònù yọ.

“Ìye, omi ńkọ́?”

“Ó wà nínú ulí.” Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà. “Mo ti gbé ẹní sókè. Mò ń dúró kó fà.”

“Ìgbà wo ló ti wọlé?”

“Kò tíì pẹ́.”

“Ìye.”

“Láti Sọ́ńdè,” ó wí.

“Ṣé ẹ ti dáná látìgbà náà?”

“Orí kí ni màá dáná sí, orí omi? Ẹja gbígbẹ ń bẹ. Éè ṣe nǹkan. Yó fà.”

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́. “Ìye, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọkọ̀. Ẹ bá bọ̀dá mi lọ. Omi yìí kọ́ ni èyí tí ẹ kọ́ mi. Èyí kò padà mọ́.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Mo ti rí irú rẹ̀ níbí.”

Mo ń gbọ́ omi lẹ́yìn ohùn rẹ̀, kò lu òpó mọ́, àárín ilé ló ti ń dún.

“Tí mo bá lọ,” ó wí, “ibo lo máa ghá sí?”

“Ibi tí ẹ bá wà.”

“Èmi kọ́ ni ulí, ọma mi.”

“Ẹ̀yin ni mo ní, Ìye.”

“Ọjọ́ tí mi éè sí mọ́ ńkọ́?”

Ẹkún ni mò ń sun sínú fóònù létí odò ilẹ̀ àjèjì, Ọ́mù Sáídì sì dúró lókè níbẹ̀, ó ń wò mí. Ìye jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Sọ fún Ẹniọlá kó gbé ọkọ̀ ńlá ghá. Mi éè ní í fi àwo mi sílẹ̀ fún òkun.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ìye kó àwo, ó kó irin tó fi ń yan ẹja, ó kó àwòrán bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Ìye ní kó ṣí i sílẹ̀, kí omi má baà ní láti fọ́ ọ. Kò sunkún. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó, ó kọjú síwájú, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ilé náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè pè mí, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé ilé ti lọ. Àlùbọ́sà ni mò ń gé fún ọbẹ̀ Hájà nígbà tí mo kà á, nítorí náà kò sí ẹni tó bi mí ìdí tí mo fi ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé tíì lọ bá Hájà. Ó wò mí.

“Níbo ni ilé rẹ?”

“Lábẹ́ omi, Hájà.”

“Ṣé ẹja ni ọ́?” ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rín in. Mo bá a nu tíì kúrò láyà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú padà sílé. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí ti kú tipẹ́, bí mo bá jáde, mi ò ní í lè wọlé mọ́, ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ ni Ìye sì fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tu ara mi nínú pé ilé wà níbẹ̀, kò sáré lọ síbì kankan. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá bi mí nínú bọ́ọ̀sì pé níbo ni mo ti wá, mo máa ń ní Nàìjíríà, wọ́n á ní Èkó, mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọrùn ju kí n máa júwe ibi tí kò sí. Gbogbo wa tí a kúrò nílé là ń ṣàárò ilé. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe tèmi, nígbà tó jẹ́ pé ilé náà ló kúrò.

Igbókọ̀dá kò tètè mọ́ Ìye lára. “Mi éè rí oorun sùn,” ó wí fún mi. “Ilẹ̀ ibí dákẹ́ jù. Mo dùbúlẹ̀, mo tẹ́tí, mi éè gbọ́ nǹkan.”

“Mo mọ̀, Ìye.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

Mi ò sọ fún un rí nípa ilẹ̀ dídán Hájà àti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

“O ti ń fara dà á tipẹ́,” ó wí. “O éè sọ fún mi.”

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wà ní Wáráàkì. Mo ti ra sítóòfù mìíràn fún Ọ́mù Sáídì, ọkọ rẹ̀ sì ti gbẹ́ àjẹ̀ tuntun. Àwọ̀n là ń tún ṣe létí odò nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi.

“Ìye ni,” ó wí. “Ó ní àfi kí n gbé òun ghá. A wà lórí ilé.”

“Orí ilé wo?”

“Ilé wa. Mo ti pa ẹ́ńjìnnì. A wà lórí rẹ̀ gan-an báyìí.”

Ó na fóònù sí omi. Mo gbọ́ òkun wa, ohùn tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí pákó wa ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìye ti ka oṣù lójú ọ̀run, ó ní òní ni omi yóò fà jù, ó sì ń dúró. “Mo sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbí mọ́,” ó wí. “Ó ní kí n dákẹ́.”

A jọ tẹ́tí sílẹ̀, èmi ní Wáráàkì, àwọn lórí òkun. Ọ́mù Sáídì fi àwọ̀n sílẹ̀, ó ń wo ojú mi.

“Ó ń fà,” mo gbọ́ tí Ìye wí. Ó tún pẹ́ díẹ̀. “Òpó mi nìyẹn.”

“Orí òpó kan yọ lóòótọ́,” ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi. “Kò ju ìkúùkù lọ. Ó ní òpó iwájú ilé ni.”

“Fún mi ní okùn,” Ìye wí.

“Ìye, ibí yìí léwu.”

“Mo ní fún mi ní okùn.”

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ náà mì, mo gbọ́ tí pákó ha nǹkan. Lẹ́yìn náà ohùn Ìye wọ inú fóònù, ó tún ti ń pariwo bíi tàtijọ́.

“Ọma mi, ṣé ò ń gbọ́? Mo ti so ó. Mo fi àyè sílẹ̀ fún omi.”

“Mò ń gbọ́, Ìye.”

“Okùn gígùn ni.”

“Mo mọ̀, Ìye.”

Nẹ́tíwọ̀kì já. Mo pè, kò lọ. Mo tún pè, mo tún pè, Ọ́mù Sáídì sì di ọwọ́ mi mú láìbi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e, ariwo ẹ́ńjìnnì ti gba gbogbo ibẹ̀.

“A ti tú u,” ó wí. “Omi ti ń kún padà.”

“Ìye ńkọ́?”

“Ó wà níbí. Ó kọ ẹ̀yìn sí iwájú ọkọ̀, ibi tí a ti ń bọ̀ ló ń wò.”

Láti ìgbà tí mo ti mọ Ìye, kò jókòó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ rí.